"Account for" kì í ṣe ìròyìn

Àbúrò mi, ọ̀kun o. O ní o ti ka ìwé History rẹ látòkèdélẹ̀, o mọ ọdún, o mọ orúkọ àwọn ọba, síbẹ̀ bí wọ́n bá dá ìwé rẹ padà, máàkì rẹ kì í kọjá ìdajì. Ohun tó ṣe èmi náà gan-an nìyẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe WAEC ní Kàbà, E8 ni mo gbà nínú History, èmi tí àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń wá bá kí n ṣàlàyé fún wọn. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló là mí lójú. Ó mú mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ní kí n tún ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè náà dáhùn bí mo ṣe dáhùn ẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. "Account for" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé, olú ìlú ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́, ni wọ́n sì ń béèrè. Mo kọ ojú ewé mẹ́ta. Látorí Ọ̀rányàn ni mo ti mú un. Mo sọ̀rọ̀ ẹṣin, mo sọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè Aláàfin, mo sọ bí wọ́n ṣe ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Bàbá kà á tán, ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ìlà mẹ́rin péré, ó ní, "Ìwọ̀nyí ló dá wọn lóhùn. Ìyókù, ìtàn lo pa fún wọn."

Mo ti rò pé "account for" túmọ̀ sí kí n ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìdí ni wọ́n ń béèrè! Ẹni tó bi ọ́ ní ìdí tí ilé fi wó kò bi ọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Bí ìbéèrè bá ní "describe", ròyìn. Bó bá ní "assess", wọ̀n ọ́n wò, kó o sì sọ ibi tó tẹ̀ sí. Fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn kó o tó kọ ohunkóhun.

Èyí tó kàn ni ìpínrọ̀ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà jù. Wo bí mo ṣe kọ ti Àfọ̀njá nígbà náà: "Àfọ̀njá ni Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ìlọrin ló ń gbé. Ó ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin. Ó pe Àlímì, àfáà Fúlàní. Wọ́n pa á." Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń máàkì kò rí ohun tó kan ìṣubú Ọ̀yọ́. Bàbá mú mi tún un kọ títí ó fi dà báyìí: "Ìṣọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá, ní nǹkan bí 1817, dun Ọ̀yọ́ wọra, nítorí pé ọ̀gá àwọn jagunjagun fúnra rẹ̀ ló kẹ̀yìn sí Aláàfin. Nígbà tó wá gba ìrànlọ́wọ́ Àlímì àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó fún agbára mìíràn láyè láti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìlọrin. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Àfọ̀njá, Ìlọrin bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, ogun sì ń ti ibẹ̀ yọ sí àwọn ìlú Ọ̀yọ́." Ṣé o rí i? Gbólóhùn àkọ́kọ́ ti dá ìbéèrè lóhùn, ọdún àti orúkọ wá ń gbè é lẹ́yìn. Bí mo bá parí ìpínrọ̀ kan báyìí, mo máa ń bi ara mi pé: báwo lèyí ṣe wó Ọ̀yọ́? Bí mi ò bá rí èsì, mo pa á rẹ́.

Má sì kàn to ìdí jọ bí ẹní to iṣu. Baṣọ̀run Gáà, olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, ti fi hàn pé ìjà wà láàárín ààfin àti àwọn ìjòyè kí Aláàfin Abíọ́dún tó borí ẹ̀ ní 1774; àrùn tó ti pẹ́ nìyẹn. Àfọ̀njá ló wá dá iná sí i. Dahomey ńkọ́, ìjọba tó ń sin Ọ̀yọ́, tó kọ ìṣákọ́lẹ̀ sílẹ̀ nígbà ọba Gezo? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kà á mọ́ ìdí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn Àfọ̀njá ni. Ọ̀yọ́ ti ń ṣubú ni Dahomey fi ráyè. Ọjọ́ tí mo kọ gbólóhùn yẹn ni Bàbá kọ́kọ́ kọ "ó dára" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mi.

Ohun tó o gbọ́ nílé náà wúlò, tó o bá mọ̀ ọ́n lò. Ìyá mi àgbà máa ń sọ bí àwọn èèyàn wa ṣe sá gun orí òkè nígbà ogun Tápà. Bó o bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, àlọ́ ni. Àmọ́ bí wọ́n bá béèrè ohun tí agbára Bídá, olú ìlú àwọn Tápà, ṣe sí àwọn aládùúgbò rẹ̀, sọ pé ìkónilẹ́rú lé ọ̀pọ̀ nínú àwa Ọ̀kun, Yorùbá agbègbè Kàbà, kúrò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, kó o wá so ó mọ́ 1897 tí Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Bídá. Má sọ àwọn Òyìnbó di olùgbàlà níbẹ̀ o. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, ní Lọ́kọ́jà wa níhìn-ín, Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ta àsíá ìjọba amúnisìn lórí Àríwá Nàìjíríà. Àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ Bídá ti ní ọ̀gá mìíràn.

Ní ti àkókò: pín in dọ́gba. Ìbéèrè tó o fẹ́ràn jù ló máa jẹ aago rẹ tán, èyí tó o fi sílẹ̀ lófìfo kò sì ní máàkì kankan. Ọdún tí kò bá dá ọ lójú, má hùmọ̀ rẹ̀. Kọ "ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún", ó tó.

B3 ni mo gbà nígbà kejì. Ìwé kan náà ni mo kà, n kò ra òmíràn.

Lọ́la, kó o tó ṣí ìwé kankan, kọ ojú ewé méjì lórí ìdí tí wọ́n fi da Gúúsù àti Àríwá pọ̀ ní 1914. Bẹ̀rẹ̀ látorí owó: owó Àríwá kò tó ìnáwó rẹ̀, Gúúsù ní tiẹ̀ ń rí owó ibodè gbà létíkun. Lẹ́yìn náà, ka ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè, kó o sì bi í ní ìdí tó fi wà níbẹ̀.