Ìbéèrè Yín: Okùn ààbò wo ló yẹ ojú dẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ ìgbòkun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Okùn ni mò ń tà ní Ògùnpa, n'Ìbàdàn níbí. Oníbàárà mi kan ní ọkọ̀ ìgbòkun l'Ékòó, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 10. Ó ní kí n bá òun wá okùn tí wọ́n ń ta láti iwájú dé ẹ̀yìn dẹ́ẹ̀kì, tí èèyàn máa ń fi ìkọ́ bẹ́líìtì àyà rẹ̀ kọ́ kí ìgbì má baà gbé e lọ. Okùn rọ́bà, náílọ́ọ̀nù, bẹ́líìtì tí àwọn onítírélà fi ń di ẹrù àti wáyà ló wà lọ́wọ́ mi. Èwo ni kí n tà fún un? Ṣé kò tiẹ̀ lè kọ́ ìkọ́ rẹ̀ mọ́ wáyà tó yí etí ọkọ̀ ká ni? (Olókùn, Ògùnpa)

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o. Bẹ́líìtì pẹlẹbẹ ni kí ẹ tà fún un, tó bá ṣáà ti jẹ́ polyester. Ẹ gbàgbé okùn rọ́bà, oòrùn á ti jẹ ẹ́ kó tó pẹ́. Náílọ́ọ̀nù lágbára lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń fà, pàápàá tó bá rin. Ẹni tó bá ṣubú á ti wà nínú omi kí okùn náà tó dá a dúró.

Ẹ wo àmì tí wọ́n rán mọ́ bẹ́líìtì onítírélà: búlúù ni polyester, àwọ̀ ewé ni náílọ́ọ̀nù, buráwùn ni polypropylene, ìyẹn okùn rọ́bà yẹn náà. Tí àmì bá ti já, ẹ gé díẹ̀ sínú omi, kí ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Rọ́bà á léfòó, àwọn méjì yòókù á rì. Ẹ wá fi iná sí èyí tó rì: èéfín polyester máa ń dúdú, ti náílọ́ọ̀nù máa ń funfun.

Kí ó fẹ̀ tó mílímítà 25, kí ó sì lè gba kílò 2,040 kó tó já. Iye kílò yìí ni World Sailing, àjọ tó ń ṣòfin eré ìje ọkọ̀ ìgbòkun, dámọ̀ràn. Èyí tí kò bá ní iye agbára lára, ẹ má tà á fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó nípọn tó.

Wáyà stainless tí kò kéré sí mílímítà 5 náà wà nínú òfin wọn, àmọ́ kò gbọdọ̀ ní rọ́bà lára, torí abẹ́ rọ́bà ni ìpẹtà máa ń sá pa mọ́ sí. Èmi kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, kì í sì í fà tó bẹ́líìtì.

Àìfà yẹn léwu ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ wo okùn ìsáṣọ tí wọ́n fà le gan-an: aṣọ tútù kan péré láàárín rẹ̀ lè fa ìṣó yọ. Ká ní okùn mítà 8 ni, tí ẹni tó ṣubú sì fi agbára kílò 300 fà á láàárín. Tó bá tẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan á gba kílò 1,500. Tí wọ́n bá fà á le tó fi jẹ́ pé 20 péré ló tẹ̀, á di kílò 3,000. Nítorí náà, ọwọ́ lásán ni kó fi fà á le. Síkúrúù kò lè mú ìkọ́ orí rẹ̀ dúró. Bóòtù tó la dẹ́ẹ̀kì kọjá ni, pẹ̀lú pẹlẹbẹ irin tó fẹ̀ lábẹ́.

Mítà 18 ni kí ẹ gé, 9 fún ọ̀tún, 9 fún òsì. Kò gbọdọ̀ dé ìparí ọkọ̀: okùn kúkúrú tó so àyà mọ́ ọn lè gùn tó mítà 2, bí okùn bá sì dé ìdí ọkọ̀, ẹni tó bá ṣubú níbẹ̀ á máa wọ́ tẹ̀ lé ọkọ̀ nínú omi. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lára mítà 9 náà, ẹ fi ṣe ojú, ìyẹn ihò tí ìkọ́ dẹ́ẹ̀kì á wọ̀, lórí méjèèjì. Ẹ má ta á ní kókó o, kókó ń jẹ agbára okùn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń rán ìgbòkun rán an. Bí kò bá sí, ẹni tó ń rán ìjókòó mọ́tò tí ẹ̀rọ rẹ̀ lágbára. Òwú polyester ni kó lò, kí àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti bẹ́líìtì, kí ojú lè tètè rí ibi tó ti já. Òwú ni oòrùn sábà máa ń kọ́kọ́ pa.

Ti wáyà etí ọkọ̀, rárá o. Òpó tó gbé e dúró lè tẹ̀, ìta ọkọ̀ gan-an ló sì ń darí èèyàn sí.

Ẹ sọ fún un pé kó máa ká okùn náà kúrò lójú oòrùn tó bá ti gúnlẹ̀. Ẹ bá a kọ oṣù àti ọdún tí ẹ tà á sí etí rẹ̀, nítòsí ibi tí wọ́n ti rán an.