Ṣé Ejò Lè Wà Lára Ọpọ́n Ìrìbọmi?

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ìwé o. Ìjọ wa fẹ́ ṣe ọpọ́n ìrìbọmi olókùúta. Ọmọkùnrin agbẹ́kùúta tí a pè ya ejò ńlá sí ìdí rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ yarí, wọ́n ní ejò kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Kí lẹ rí sí i?
*Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, Òmù-Àrán*

Ìdáhùn: Akọ̀wé, ẹ kú làálàá. Ẹ bá mi bẹ àwọn bàbá kí wọ́n má tíì lé ọmọ náà. Ohun tó yà ti wà lára ọpọ́n ìrìbọmi láti ohun tó lé ní 800 ọdún. Dírágónì, ẹranko inú ìtàn tó dà bí ejò ńlá, pọ̀ lára àwọn tí wọ́n gbẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1100 sí 1200. Kìnnìún náà wà, àmọ́ ti kìnnìún le díẹ̀: ó lè dúró fún Jésù, ó sì lè jẹ́ ọ̀tá tó ń wá ẹni pa jẹ.

Ẹ wo ti Eardisley, nítòsí ààlà Wales. Jagunjagun méjì ń bá ara wọn jà, ọ̀kan mú ọ̀kọ̀, èkejì mú idà. Lápá ibòmíràn, Jésù di ọkùnrin kan lọ́wọ́ mú, ó ń fà á yọ nínú okùn tó lọ́ mọ́ ọn bí ìtàkùn. Isà òkú ló ń fà á jáde yẹn. Ẹni tí kò mọ̀wé, tó gbọ́mọ wá síbẹ̀, á rí i pé ogun ni ìrìbọmi. Ṣebí ẹ̀yin náà ń bi òbí ọmọ bóyá wọ́n kọ Sàtánì kí omi tó kan ọmọ lórí? Sáàmù 74 pàápàá sọ pé Ọlọ́run fọ́ orí ẹranko abàmì nínú omi.

Ibi tí ejò bá wà ni kí àwọn àgbà bójú tó. Abẹ́ ni kó wà, kí ọpọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá gbórí sókè dé etí omi, mo wà lẹ́yìn wọn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó ká mi lára. Ní Bridekirk, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, agbẹ́kùúta gbẹ́ ara rẹ̀ sára ọpọ́n tòun ti òòlù àti ìfági òkúta lọ́wọ́, ó sì fi lẹ́tà àtijọ́ kọ orúkọ rẹ̀, Rikarth. Ní Èsìẹ́ tí kò jìnnà sí yín, ère òkúta lé ní 1,000, irun dídì wọn ṣì hàn ketekete, síbẹ̀ a ò mọ orúkọ ẹyọ agbẹ́kùúta kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn kọ orúkọ rẹ̀ sí ìdí ọpọ́n yín, àti ọdún tó parí rẹ̀.