Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi ń pààrọ̀ àdírẹ́sì: báwo ni mo ṣe lè fún un lórúkọ kan ṣoṣo?

Ìbéèrè: Mo ní ṣọ́ọ̀bù oògùn n’Íbàdàn. Kọ̀ǹpútà Linux kan ló ń ṣàkọsílẹ̀ ọjà níbẹ̀, mo sì fẹ́ máa wọlé sí i láti ilé. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tó tún dé, àdírẹ́sì IP mìíràn la máa ń rí. Ráútà onísíìmù la ń lò báyìí, a sì ń gbèrò láti gba fáíbà. Ṣé orúkọ kan wà tí mo lè fún un tí kò ní yí padà?

Ìdáhùn: Ó wà, lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá. Àmọ́ gbígba orúkọ kọ́ ló le níbẹ̀. Nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ wọ ojú ìwé ìṣètò ráútà yín, kí ẹ wo àdírẹ́sì tó wà níbi tí wọ́n kọ WAN sí, ìyẹn apá tó kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù yẹn kan náà wá “what is my IP” lórí Google. Bí méjèèjì bá bára mu, ẹ ti bọ́. Bí wọn ò bá bára mu, tí ti ráútà sì wà láàárín 100.64 sí 100.127, tàbí tó fi “10.” bẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín ti kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo. CGNAT ni wọ́n ń pè é. Gbogbo àdírẹ́sì IPv4 (irú àdírẹ́sì IP onínọ́ńbà mẹ́rin tí à ń sọ yìí) tó wà láyé kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin ó lé díẹ̀ lọ, kò sì kárí mọ́. Ní 2012 ni wọ́n ya ìpín 100.64 sí 100.127 sọ́tọ̀ fún irú ètò yìí. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ lè jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ láti ìta ò lè bá yín. Ẹ̀ báà gba orúkọ mẹ́wàá, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ yẹn ni gbogbo wọn máa já sí. Pẹ̀lú ráútà onísíìmù yín yìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé abẹ́ rẹ̀ lẹ wà.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fáíbà, ẹ bi wọ́n bóyá àdírẹ́sì ìta gbangba ni ráútà yín máa gbà, àbí ti CGNAT. Pé ó ń yí padà kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tó ń ta á lè máà mọ̀. Ẹ ní kó pe àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn fún yín.

Bó bá jẹ́ ti gbangba, Dynamic DNS ló kù. Kọ̀ǹpútà yín á máa kàn sí àwọn tó ń tọ́jú orúkọ náà ní gbogbo ìgbà, wọ́n á rí ibi tó ti ń pè, wọ́n á sì fi àdírẹ́sì tuntun rọ́pò ti àtijọ́. DuckDNS ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn ọ̀fẹ́. Ẹ yan orúkọ, ẹ gba token yín (kóòdù àṣírí tí wọ́n á fún yín), kí ẹ sì fi ìlà yìí sínú crontab, ìyẹn ibi tí Linux ń kọ iṣẹ́ tó máa ń ṣe fúnra rẹ̀ lásìkò sí. Ẹ fi orúkọ àti token yín rọ́pò ORUKO àti TOKEN:

*/5 * * * * curl -s "https://www.duckdns.org/update?domains=ORUKO&token=TOKEN&ip="

Ẹ má kọ nǹkan kan tẹ̀ lé “ip=”, wọ́n á dá a mọ̀ fúnra wọn. OK ni wọ́n máa fi dáhùn bó bá yọrí. No-IP náà ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ní láti máa fìdí orúkọ múlẹ̀ lóṣooṣù, èyí tí èèyàn lè gbàgbé. Bí ẹ bá ní dómáìnì tiyín, ẹ fi CNAME (àkọsílẹ̀ DNS tó ń sọ orúkọ kan di ìnagijẹ òmíràn) darí ẹ̀ka kan lórí rẹ̀ sí ti DuckDNS, kí ẹ sì máa lo tiyín. Dyn ló lókìkí jù nídìí iṣẹ́ yìí nígbà kan, síbẹ̀ wọ́n pa ti ọ̀fẹ́ tì ní 2014.

Orúkọ nìkan kò ṣílẹ̀kùn o. Ẹ ní láti ṣe port forwarding lórí ráútà, ìyẹn ni pé kó máa darí ẹni tó bá gba port (ẹnu ọ̀nà) kan wọlé sí kọ̀ǹpútà yín, ibẹ̀ sì lewu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí port 22, tí SSH ń lò láti wọlé sí kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, sílẹ̀ gbayawu pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà lásán. Àwọn ẹ̀rọ tó ń wá irú rẹ̀ kiri kì í sùn, oògùn tí àwọn oníbàárà yín ń lò sì jẹ́ àṣírí wọn. WireGuard, ìyẹn VPN tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà méjì, ni kẹ́ ẹ lò, kó jẹ́ port 51820 ti UDP nìkan lẹ máa ṣí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń wá ìtumọ̀ orúkọ, ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀. Bí àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù bá yí lójijì, ẹ pa WireGuard ti kọ̀ǹpútà ilé, kí ẹ tún un tàn. Dátà fóònù ni kí ẹ fi dán an wò, torí ọ̀pọ̀ ráútà kì í jẹ́ kí ẹni tó wà lórí ráútà kan náà gba orúkọ ìta padà wọlé.

Ká ní èmi ni, Tailscale, ìyẹn ètò VPN kan tó dá lórí WireGuard, ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ lórí ráútà onísíìmù yẹn, láì dúró de fáíbà. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù àti ti ilé ló jọ máa jáde lọ pàdé ara wọn, nítorí náà CGNAT ò lè dí wọn lọ́wọ́, orúkọ tí kì í yí padà sì ti wà nínú rẹ̀. Ẹ pa key expiry (gbèdéke ìwọlé) fún ti ṣọ́ọ̀bù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ 180, ó máa ní kí ẹ tún forúkọ wọlé. Ẹ sì wo BIOS kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn ètò tó máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí kọ̀ǹpútà bá tàn, kí ẹ ṣètò rẹ̀ kó máa tan ara rẹ̀ bí iná bá dé.