Lùkúlùkú: àwọn tó ṣì ń jẹun ni kí ẹ sáré sí

Ẹ kú ìrọ́jú o, àǹtí wa tó kọ̀wé láti Ìjẹ̀dé. Ẹ ní ọrùn àwọn adìẹ yín ń lọ́, ìgbẹ́ wọn tutù yọ̀ọ̀ bí omi ẹ̀fọ́, àgbébọ̀ mẹ́ta ti kú, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ po tetracycline mọ́ omi fún àwọn tó kù. Ohun tí ẹ kọ yẹn, lùkúlùkú ni, èyí tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle. Nígbà ọyẹ́ ló wọ ilé tèmi náà, nítòsí Sábó ní Ìkòròdú níbí.

Bó ṣe máa ń rí kí adìẹ tó kú, ẹnìkan ò sọ fún mi. Láàárọ̀, ẹ ó rí àkùkọ kan tó dá dúró sí igun, ìyẹ́ ara rẹ̀ wú, kò kọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń ya ẹnu mí. Lẹ́yìn náà ni ọrùn máa yí, tí á máa pòyì lójú kan, tí á máa fi ẹ̀yìn rìn. Á fẹ́ ṣa àgbàdo, ẹnu rẹ̀ á lọ balẹ̀ níbòmíràn. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ebi ń pa á, oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, kò lè mú un. Àgbébọ̀ kan wà tí ìyá mi fún mi, tó máa ń tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọwọ́ mi ni mo fi ń kán omi sí i lẹ́nu. Kò tètè kú. Àwọn ọmọ mi ń bi mí láràárọ̀ pé ṣé ara rẹ̀ ti yá, mi ò sì rí èsì fọ̀.

Mo pe dókítà ẹran kan. Kò béèrè àwọ̀ ìgbẹ́ wọn, kò béèrè bóyá wọ́n ti gba àjẹsára. Ó ní kí n fi owó ránṣẹ́, ọlọ́kadà á gbé oògùn wá. Ọ́fíìsì àwọn dókítà ẹran tí mo gbé òkú adìẹ lọ ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Òkú adìẹ, títí di ọjọ́ Ajé! Bí ẹ bá ní ẹgbẹ̀rún adìẹ, wọ́n á sáré wá. Àwa tí tiwa ò ju ti àgbàlá lọ, wọn ò kà wá sí, bẹ́ẹ̀ àrùn yìí kì í yan ilé.

Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, tetracycline kì í sì í pa fáírọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ní òun ní oògùn lùkúlùkú, owó yín ló ń wá. Àwọn tó ṣì ń jẹun ni kí ẹ kó kúrò níbẹ̀ lónìí: ilé ọ̀tọ̀, igbá omi ọ̀tọ̀, bàtà ọ̀tọ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn. Òkú wọn, ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn kí ajá má baà hú u. Ẹ má ta èyí tó ń kú fún àwọn tó ń gbé àgò kiri ra adìẹ. Àgò yẹn ló ń gbé àrùn láti ojúlé dé ojúlé.

Ẹ tún gbọ́ o. Bí ogbe orí wọn bá ń dúdú, tí ojú wú, tí ọ̀pọ̀ sì kú lóru ọjọ́ kan, ó lè jẹ́ bird flu, àrùn ẹyẹ tó lè ran èèyàn. Lọ́dún 2006 ló wọ Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ wa ló kọ́kọ́ dé ní Áfíríkà, obìnrin kan sì bá a lọ ní Èkó ní 2007. Àyẹ̀wò láàbù ló ń ya òun àti lùkúlùkú sọ́tọ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, kí àwọn ọmọdé má tu ìyẹ́ kankan. Bí inú ṣe ń bí mi sí àwọn ará ọ́fíìsì náà tó, ẹ sọ fún wọn, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀.

Àjẹsára kì í wo èyí tó ti ń ṣàìsàn, àwọn tí àrùn ò tíì dé ara wọn ló wà fún. Lasota, àjẹsára tí wọ́n ń pò mọ́ omi, bí ẹ bá rí i lórí tábìlì nínú oòrùn, ẹ má rà á, agbára rẹ̀ ti kú. Inú fíríìjì ni kó ti jáde, kí ẹ gbé e sínú yìnyín délé. Omi tí wọ́n fi kẹ́míkà sí máa ń pa á, omi òjò tàbí omi kànga ló dáa. Ìyókù wà lára ìwé tó bá a wá. Èyí tí wọ́n ń pè ní I-2, tí wọ́n ń kán sí ojú adìẹ, ń fara da ooru ju Lasota lọ. Ẹ máa tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta-mẹ́rin.

Ẹ má tíì ra òmíràn o. Ẹ fọ ilé náà, ẹ sá àgò sóòrùn, kó ṣófo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí ẹ bá sì rà nígbà náà, kó dá wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó kù. Ṣé òròmọ wà láàárín àwọn tó ṣì ń jẹun? Ẹ kọ ọ́ síbí, torí bí wọ́n ṣe ń fún òròmọ ní àjẹsára yàtọ̀.