Ṣé òótọ́ ni ìjà ààfin inú fíìmù Ṣáínà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láfẹ́nwá níbí l'Ábẹ́òkúta ni mo ti ń kọ̀wé. Fíìmù Ṣáínà táwọn ọmọ mi ń wò, ojoojúmọ́ làwọn ọmọ ọba ń dìtẹ̀ mọ́ra wọn. Ṣé wọn ò ní afọbajẹ ni? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, òótọ́ ni jàre. Láyé ìgbà tí ọba ṣì wà ní Ṣáínà, wọn ò ní afọbajẹ bíi tàwa Ẹ̀gbá, ẹni tọ́ba bá ti fọwọ́ sí náà nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹ wo Ọba Kangxi, ọdún 61 ló lò lórí oyè, ọmọkùnrin ẹ̀ lé ní 20, ó ti fi Yinreng ṣe àrẹ̀mọ láti kékeré, ìgbà tó di 1708 ló bá yọ ọ́, ó ní lóru ló máa ń yọ́ wá yọjú wo òun láti ibi tí àgọ́ òun ti là (ẹ gbà mí o!), ó dá a padà ní 1709, ó tún yọ ọ́ ní 1712. Nígbà tí Kangxi kú ní 1722, ọmọ kẹrin ló gorí oyè, Yongzheng, àwọn kan ní màgòmágó ló fi débẹ̀. Ó ti àwọn àbúrò ẹ̀ kan mọ́lé, méjì kú síbẹ̀ ní 1726. Òun náà ló wá kọ orúkọ àrólé ẹ̀, ó dì í sínú àpótí, ó fi pamọ́ sẹ́yìn pátákó tó wà lókè ìtẹ́. Orúkọ Hongli, ọmọ ẹ̀, ni wọ́n bá níbẹ̀ nígbà tí Yongzheng kú ní 1735.