Èló Ló Tọ́ Kí N San Lórí Raleigh Àtijọ́ Tí Wọ́n Fi Ẹ̀rọ Iná Sí?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú, mo kí yín o. Ìpérù Rẹ́mọ ni mo ń gbé. Bàbá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ Raleigh gíga, oníbíréèkì irin, fún mi. Wọ́n ti yọ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, wọ́n sì fi òmíràn tí ẹ̀rọ iná wà láàárín rẹ̀ rọ́pò, pẹ̀lú bátìrì 36V, 10Ah. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti tún un ṣe. Bàbá ní ọdún 1948 ni wọ́n ra kẹ̀kẹ́ náà, ₦450,000 ni wọ́n sì ń pè é, nítorí pé àtúnṣe nìkan gba ₦380,000 lọ́wọ́ wọn. Irú Raleigh kan náà tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe, ₦90,000 ni wọ́n fi lọ̀ mí ládùúgbò wa. Ẹ̀rọ iná tuntun, tòun ti bátìrì rẹ̀, jẹ́ ₦320,000 ní Èkó. Mo rí AW àti 61 lára họ́ọ̀bù, ìyẹn irin àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Èló ló tọ́ kí n san?

Òǹkàwé, Ìpérù Rẹ́mọ

ÌDÁHÙN

Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, àti pé ẹ ti wádìí iye méjì tí ó ṣe pàtàkì jù, ìyẹn iye kẹ̀kẹ́ tí wọn kò fọwọ́ kàn àti iye ẹ̀rọ tuntun. Owó tí bàbá ná lórí àtúnṣe kò sí lára ohun tí a ó ṣírò, nítorí pé wọ́n ti fi ọdún mẹ́ta gun kẹ̀kẹ́ náà. Ohun tí èmi máa ń kọ́kọ́ wò lára irú kẹ̀kẹ́ báyìí ni bóyá wọ́n gé irin rẹ̀ tàbí wọ́n rẹ́ ẹ, nítorí pé ẹ̀rọ ṣe é yọ, ṣùgbọ́n irin tí a ti rẹ́ kì í hù padà.

Ẹ jẹ́ kí a tètè yanjú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. AW jẹ́ họ́ọ̀bù onígíà mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ Sturmey-Archer ti Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1936, nọ́ńbà méjì tí ẹ rí sì ni ọdún tí họ́ọ̀bù náà jáde, ìyẹn 1961. Ọjọ́ orí họ́ọ̀bù nìyẹn. Wọ́n lè ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lẹ́yìn tí wọ́n ra kẹ̀kẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe pe bàbá ní onírọ́, àmọ́ ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ kan lé e lórí nítorí 1948, àyàfi tí wọ́n bá fi ìwé rà á hàn yín.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ ni ẹnu fọ́ọ̀kì iwájú, ìyẹn ojú ihò tí irin àárín ẹsẹ̀ iwájú ń wọ̀ nídìí irin méjì tó di ẹsẹ̀ náà mú. Irin tó la àárín ẹsẹ̀ iwájú Raleigh ìgbà náà já kò ju nǹkan bíi mìlímítà 8 lọ ní sísanra, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ iná, lẹ́yìn tí wọ́n ti fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì pẹlẹbẹ, jẹ́ mìlímítà 10. Ẹnì kan ti ní láti fi fáìlì fẹ ẹnu fọ́ọ̀kì yẹn kí ẹ̀rọ náà tó lè wọlé. Ẹ ní kí wọ́n tú ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ fi àkísà nu ọ̀rá àti eruku kúrò, kí ẹ sì wò ó nínú oòrùn. Bí ojú fáìlì bá tẹ́jú lọ́tùn-ún lósì, tí ètè irin tó kù sì nípọn dáadáa, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ètè kan bá ti ya ju èkejì lọ, tàbí tí ẹ rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí nídìí rẹ̀, ẹ má ṣe ra kẹ̀kẹ́ náà ní iye kankan títí wọn yóò fi pààrọ̀ fọ́ọ̀kì. Ẹ tún wò ó bóyá irin àdìmú wà tó de ẹ̀rọ náà mọ́ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì, nítorí pé bí ẹ̀rọ bá ṣe ń ti táyà síwájú ni ó ń fẹ́ yí irin àárín rẹ̀ sẹ́yìn. Ọjọ́ tó bá rí i yí, yóò já wáyà, ó sì lè já ẹsẹ̀ iwájú sílẹ̀ lórí eré.

Bíréèkì ni ó tẹ̀ lé e. Bíréèkì irin Raleigh kì í gbá ẹ̀gbẹ́ ríìmù mú. Ńṣe ló ń fa rọ́bà sókè láti tẹ inú ríìmù, ní ìhà tó kọjú sí sípóòkù. Ríìmù tuntun tó sábà máa ń bá ẹ̀rọ iná wá kò ní ojú pẹlẹbẹ níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe nígbà náà kí irin bíréèkì iwájú tí ẹ rí kàn máa gbé kiri lásán, kó jẹ́ pé ti ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́, lórí ríìmù irin tí kì í dúró dáadáa bí òjò bá ti pa á. Èmi kò ní fẹ́ kí ọmọ ìyá mi kankan gun irú rẹ̀ láti Ìpérù dé Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́ òjò.

Ẹ wo kẹ̀kẹ́ náà láti ẹ̀yìn pẹ̀lú, bóyá ẹsẹ̀ méjèèjì wà lójú ìlà kan náà. Ní Rẹ́mọ wa níbí, irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ru àpò obì rí, ẹrù sì máa ń wọ́ férémù.

Ní ti bátìrì, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba iná sí i kó kún kí ẹ tó dé, kí ẹ sì mú míta tí wọ́n fi ń ka fóòtì (V) iná dání. Bátìrì 36V tí ó kún dáadáa yóò kà nǹkan bíi 42V. Bí kò bá lè kọjá 40V, tàbí tí ẹ̀rọ ń kú bí ẹ bá ń gun òkè, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú rẹ̀ ti rẹ̀. Nígbà tó wà ní tuntun, ó yẹ kó gbé ẹni tó ń wa pẹ́dà mọ́ ọn tó kìlómítà 30. Bí ó bá ṣì ń gbé yín dé 20, mo gbà á.

Ó wá di ìṣirò. Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, ₦90,000. Bátìrì sábà máa ń kó nǹkan bí ìdajì owó ẹ̀rọ, ìyẹn ₦160,000 nínú ₦320,000 yín; lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, mo fún un ní ₦50,000 bí ó bá yege, bí kò bá sì yege, òdo ni. Ìdajì tó kù, ìyẹn ẹ̀rọ, wáyà àti ṣájà, mo fún un ní ₦80,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦220,000. Ẹ yọ nǹkan bíi ₦25,000 fún bíréèkì iwájú tí ó máa ṣiṣẹ́ àti owó ọwọ́ oníṣẹ́, yóò ku ₦195,000. Bí bátìrì bá ti kú, ₦145,000 ni mo máa san. Iye yìí dá lórí pé bàbá yóò fún yín ní ẹsẹ̀ iwájú àtijọ́ tí wọ́n yọ, nítorí pé òun ni yóò jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ náà lè padà di Raleigh lọ́jọ́ kan. Bí kò bá sí mọ́, ẹ yọ ₦20,000 sí i.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì fi ọwọ́ tọ́ka sí ojú fáìlì àti bíréèkì kí ẹ tó dárúkọ owó. Bí bátìrì bá yege, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ₦150,000, kí ẹ má sì kọjá ₦195,000. Kí ẹ tó ka owó, ẹ gbé ẹsẹ̀ àtijọ́ náà sínú ọkọ̀, kí bàbá sì kọ nọ́ńbà ara férémù sínú ìwé ìsanwó tí wọ́n máa fọwọ́ sí.