Aránṣọ kan ní Tákíè bi mí pé, "Ṣé ìkà ni mí?"

Arábìnrin kan tó ń ránṣọ nítòsí Tákíè, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ló kọ̀wé sí mi. Ọdún mẹ́ta ló fi tọ́jú ìyá wọn lórí àìsàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní Ọ̀yọ́, máa ń fi owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n yìí ṣí àpótí aṣọ ìyá wọn lójú ẹbí, ó pín gbogbo aṣọ òfì inú rẹ̀ láìfún àbúrò ní ẹyọ kan, ó ní, "Ìwọ ti jẹ tìẹ lára wọn nígbà tí wọ́n wà láyé." Ọdún márùn-ún nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó báyìí, aṣọ ẹbí sì ti dé. Àbúrò kọ ọ́ pé: "Mà, mo ti sọ fún pásítọ̀ pé mo ti dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n bí mo bá gbóòórùn káńfọ̀, ọ̀fun mi á dí. Lóṣù tó kọjá mo gbọ́ pé olè kó ṣọ́ọ̀bù wọn, inú mi sì dùn díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé ìkà ni mí?"

Àbúrò mi,

O kì í ṣe ìkà. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, ohun kan sì gbà mí lọ́kàn: láti òkè délẹ̀, o ò pe ẹ̀gbọ́n rẹ ní "ó" rárá. "Wọ́n" ni. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n pín aṣọ, wọ́n bú mi. Pẹ̀lú bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn ọ́ tó, ọwọ́ rẹ kọ̀ láti kọ "ó". Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́, o ò lè fèsì lójú ẹbí, torí ẹ̀gbọ́n ni wọ́n. O gbé e mì. Ohun tí a bá gbé mì láìrún un lẹ́nu kì í tètè dà.

Ká ní o bínú lọ́jọ́ náà, o sunkún, o pariwo, ìbínú lásán ni, ìbá ti rọlẹ̀. Èyí tó ń ṣe ọ́ báyìí ni ìkùnsínú: inú ń kùn, ẹnu ò sọ. "Ẹ kú iṣẹ́ mà" tí o ní o máa ń sọ lórí fóònù kí o tó gé e, odì lo ń bá wọn yàn, bí o tilẹ̀ fi ìkíni bò ó. Ní ti ṣọ́ọ̀bù tí olè kó, mi ò ní tàn ọ́. Ibẹ̀ ni ìkùnsínú ti ń di kùnrùngbùn, nígbà tí àdánù ẹlòmíì bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ni bíi pé a gba ẹ̀san. Ó dára bí ẹ̀rù ṣe bà ọ́ yẹn.

Àwọn tó ń sọ fún ọ pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀ràn àná, a kì í rẹ́ni bá ṣeré, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà yìí kan náà ló ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n rẹ má tiẹ̀ rántí gbólóhùn náà mọ́. Ìwọ lò ń gbé e sùn, tí ò ń gbé e jí, ara rẹ sì mọ̀. Lọ́dún 2001, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Charlotte vanOyen Witvliet, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ 71 rántí ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n ń rò ó bí ẹni tó dì í sínú, àyà wọn ń lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ara wọn ń làágùn díẹ̀, iwájú orí wọn ń le. Nígbà tí wọ́n ro ti ìdáríjì, ó rọjú. Nítorí náà, ọ̀fun rẹ tó ń dí bí o bá gbóòórùn káńfọ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣe ọ́.

Síbẹ̀, mi ò ní ní kí o tún lọ dárí jì wọ́n. Pásítọ̀ lo sọ ìyẹn fún. O ò tíì sọ nǹkan kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ. O ní àbúrò màmá yín ṣì wà láyé. Lọ bá wọn, kí wọ́n sìn ọ́ dé Ọ̀yọ́ ṣáájú ìgbéyàwó. Má jẹ́ kó di ọjọ́ ìnáwó.

Bí ẹ bá débẹ̀, kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ bí o ṣe máa ń ṣe. Kíkúnlẹ̀ ò ní kéèyàn má sọ̀rọ̀. Sọ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lọ́jọ́ tí ẹ ṣí àpótí màmá dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn, èmi ni mò ń yí wọn lórí ibùsùn. Mi ò jẹ nǹkan kan lára wọn." Má mẹ́nu kan owó tí wọn ò fi ránṣẹ́, má mẹ́nu kan ọkọ wọn. Ọ̀rọ̀ àpótí nìkan ni kí o sọ. Bí òfì màmá bá ṣì kù lọ́wọ́ wọn, tọrọ ẹyọ kan. Wọ́n lè sunkún, wọ́n sì lè yarí. Bí wọ́n bá yarí, o ti sọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí, kò sí nínú ìwọ nìkan mọ́. Mi ò lè ṣèlérí pé ẹ ó padà rẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ní ti aṣọ ẹbí, san owó rẹ̀. O ní ọmọ náà ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí, o ò gbé e. Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àpótí. Pè é padà lálẹ́ òní, kí o bi í bóyá ó ti rí ẹni tí yóò rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀.